Owó Àyálò Àwọn Ọmọ Onídìrí

Òórùn ọṣẹ ìfọrun, èyí tó ń ta sánsán bí òróǹbó, ló jí mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí èmi àti ìyàwó mi lò pọ̀ kẹ́yìn. Mo bá a ní ẹ̀yìnkùlé ilé wa ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Madagascar, níbi tí ògiri aládùúgbò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tiwa. Ó jókòó lórí àpótí, ó ká ìró rẹ̀ sí orúnkún, ó ń fọ orí rọ́bà kan nínú ọpọ́n, irú orí tí àwọn akọ́ṣẹ́ irun fi ń kọ́ ọwọ́ wọn. Orí náà ní imú, ó ní ètè, ó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín díẹ̀. Apá ọ̀tún irun rẹ̀ ń dán, ó gùn dé ibi tí èjìká ìbá wà bí ó bá ní èjìká. Apá òsì já jánnajànna bí koríko tí iná kọjá lórí rẹ̀. Ìyàwó mi ń fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ kan bo iwájú orí náà kí ọṣẹ má baà ṣàn sí i lójú. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ṣé yóò ta á lójú ni?" Kò wò mí. Ó ní, "Tíṣà, ọwọ́ tó bá gbàgbé ojú rọ́bà, yóò gbàgbé ojú ènìyàn." Ó ṣan án, ó nù ún, ó fi aṣọ ìnura wé e. Lẹ́yìn náà ó jẹ ìlàjì ẹ̀wà àti pọfupọ́ọ̀fù tí mo rà wá láti ìta, ó fi àwo bo ìyókù, ó ní òun á jẹ ẹ́ bí a bá dé.

O mọ bí mo ṣe rí nígbà náà. Ọmọ oníṣòwò ará Ọ̀fà ni mí, àdúgbò New Bell níbí, ní ìlú elédè Faransé yìí, ni wọ́n bí mi sí. Aṣọ ni bàbá mi tà títí ọlọ́jọ́ fi dé, ó sì fi èrè aṣọ rán mi lọ sí yunifásítì. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì fún ọdún tó lé ní ọgbọ̀n, Faransé mi sì gún bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ìyàwó mi kò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà. Ṣùgbọ́n òun ló ni iléèwé irun àti ẹwà kan ní àdúgbò Nkololoun, yàrá méjì lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn káfíńtà, tí lẹ́búlẹ́bú pákó máa ń bo dígí rẹ̀ láràárọ̀. Àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ wá láti ibi gbogbo: ọmọ Bámìlẹ́kẹ́, ọmọ Bàsá, ọmọ Haúsá, àti àwọn ọmọ tiwa tí a bí síbí tí Yorùbá kò yọ̀ lẹ́nu wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè dá owó ẹ̀kọ́ san. Ọ́fíìsì kan ní Bonanjo, àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba, ló ń yá wọn lówó. Wọn á kọ́ṣẹ́ fún ọdún méjì, wọn á ṣèdánwò, wọn á gba ìwé ẹ̀rí, wọn á sì máa san owó náà padà díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ọwọ́ wọn bá ti ba iṣẹ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yẹn ni ọ́fíìsì náà kọ̀wé pé àwọn fẹ́ yọ iṣẹ́ irun àti ẹwà kúrò lára àwọn iṣẹ́ tí àwọn ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó fún. Wọ́n ní orílẹ̀-èdè nílò àwọn wẹ́ẹ̀dà, àwọn tó ń ṣe iná, àwọn tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Irun, wọ́n ní, kò kọ́ ilé. Wọ́n pe gbogbo ẹni tó ní iléèwé iṣẹ́ ọwọ́ kí ó wá sọ tẹnu rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ kan. Bí wọ́n bá yọ iṣẹ́ irun, iléèwé ìyàwó mi yóò tì láàárín oṣù díẹ̀, àwọn ọmọ tó ti kọ́ ọ dé ìdajì yóò sì padà sí ibi tí wọ́n ti wá, pẹ̀lú ìdajì iṣẹ́ lọ́wọ́. Ìdajì iṣẹ́ irun sì léwu ju àìmọ̀ ọ́n rárá lọ, bí mo ṣe wá mọ̀ nígbà tó yá.

Jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún ọ. Èmi gan-an kò ka iṣẹ́ náà sí iṣẹ́. Mo fẹ́ràn ìyàwó mi, owó tó ń pa sì wà lára ohun tí a fi tọ́ ọmọ wa, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn èèyàn bá bi mí ní ohun tó ń ṣe, mo máa ń sọ pé ó ní "okòwò kékeré kan." Ní ìta mọ́ṣáláṣí, baba kan wà tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ẹni tí kò lè ka orúkọ tó wà lára páálí ọjà tirẹ̀; òun ló máa ń pe ibi iṣẹ́ ìyàwó mi ní "iléèwé àwọn tí ìwé sá fún." Èmi náà a bá a rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo ẹ̀rín tí mo ti rín láyé, èyí ni n bá gbà padà bí wọ́n bá ń gba ẹ̀rín padà.

Ìyàwó mi ní kí n bá òun kọ lẹ́tà tí a ó kà níwájú ìgbìmọ̀ náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́. Ó wù mí púpọ̀. Mo pe àwọn ọmọ iléèwé náà ní òdòdó tí oòrùn ti pa. Mo ní ìṣẹ́ ló bí wọn, ìṣẹ́ ló tọ́ wọn, wọn kò ní ibòmíràn tí wọ́n lè sá sí. Mo bẹ ìgbìmọ̀ kí ó fi ojú àánú wò wọ́n. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí mo wá nínú ìwé atúmọ̀ èdè nítorí pé dídùn rẹ̀ nìkan ló wù mí. Nígbà tí ìyàwó mi béèrè ohun tí mo kọ, mo ní, "Má ṣèyọnu, ó dára," n kò sì kà á fún un. Ó gbà mí gbọ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ tirẹ̀ dáadáa máa ń rò pé ẹlòmíràn náà mọ tirẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ yẹn, bẹ́ńsíkíìnì ni a gùn lọ síwájú ìgbìmọ̀, ọ̀kadà kan ṣoṣo fún àwa méjèèjì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe nílùú yìí: ọlọ́kadà níwájú, ìyàwó mi láàárín, èmi lẹ́yìn pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ abíyá. Ó gbé orí rọ́bà náà sórí itan nínú báàgì ọjà aláwọ̀ búlúù. Ọmọ àgbà nínú àwọn akọ́ṣẹ́ rẹ̀, tó ti gba ìwé ẹ̀rí tó sì ń ràn án lọ́wọ́ láti kọ́ àwọn yòókù, ló di irun ìyàwó mi ní ọjọ́ méjì ṣáájú, wẹ́wẹ́ tó jẹ́ pé n kò lè rí ìlà tó wà láàárín wọn. Irun náà, tó yọ lábẹ́ gèlè rẹ̀, ń kàn mí ní àgbọ̀n nígbà tí ọ̀kadà bá bọ́ sí kòtò. Ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì náà, ẹ̀ṣọ́ kan dá wa dúró.

"Màámá, kí ló wà nínú báàgì yẹn?"

"Orí ni."

"Orí kẹ̀? Orí ta ni?"

"Orí iléèwé mi. Ṣé kí ó kí yín ni?"

Ọkùnrin náà yọjú wò ó, ó rí imú, ó fò sẹ́yìn. Àwọn tó tò sẹ́yìn wa bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ wọlé, ẹ wọlé, kí ẹ má lọ fi tèmi kún un."

Yàrá tí wọ́n kó wa sí tutù bí ilé ẹja dídì. Àwọn márùn-ún ló jókòó sẹ́yìn tábìlì gígùn kan, obìnrin kan ṣoṣo wà láàárín wọn. Alága wọn jẹ́ ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa, ìrìn rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, ọrùn rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n irun orí rẹ̀ dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò. Ó bá ọkùnrin tó ni iléèwé àwọn wẹ́ẹ̀dà sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́. Ó bá ẹni tó ń kọ́ àwọn oníná sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́. Nígbà tó kàn wá, ó wo aago rẹ̀ kó tó wo ojú wa.

Mo dìde, mo ka lẹ́tà mi. Mo kà á dáadáa, kí n má purọ́. Mo sinmi níbi tó yẹ kí n sinmi, mo sì gbé ohùn sókè níbi òdòdó. Bí mo ṣe ń kà á, mo rí i pé ojú alága ń mọ́lẹ̀ sí i, mo sì rò pé mo ti mú un. Ó jẹ́ kí n parí.

Ó ní, "Mùsíyọ̀, ẹ ṣeun. Ó hàn pé ẹ kàwé. Ẹ sì ti bá mi parí iṣẹ́ mi. Aláìní ni àwọn ọmọ yìí, ẹ ti fi ẹnu ara yín sọ ọ́. Àwọn tó ń tọ́jú aláìní ní ọ́fíìsì tiwọn. Ẹ lọ ka lẹ́tà yìí fún wọn, inú wọn á dùn. Owó tiwa yìí, oníṣẹ́ là ń yá."

Ó mú bírò. Àwọn kan rẹ́rìn-ín kékeré, irú èyí tí wọ́n fi ń tu ọ̀gá nínú. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú bébà lọ́wọ́, èmi tí mo ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí a ti ń gbé àríyànjiyàn kalẹ̀, mo wá ń wá ìlà mìíràn tí n ó kà nínú rẹ̀. Ó ti lo ọ̀bẹ tí mo fi ọwọ́ ara mi pọ́n fún un.

Ìyàwó mi dìde. Faransé ọjà ni tirẹ̀, ó máa ń fi Píjìn lẹ̀ ẹ́ níbi tó bá ti ya. Ó ní, "Alága, ẹ má tíì kọ ọ́. Ọkọ mi ló kọ lẹ́tà yẹn. Ọkọ mi kò mọ iṣẹ́ mi. Èmi ni mo ni iléèwé. Ẹ bi mí."

Ọkùnrin náà fi bírò lélẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣeré díẹ̀ kó tó jẹun ọ̀sán. Ó ní, "Ó dáa, Màdáàmù. Ìyá mi di irun àwọn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn. Iléèwé wo ni ìyá mi lọ? Ta ló yá a lówó?"

"Ìyá yín kò fi sódà sí i."

"Sódà?"

"Sódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, òun náà ló wà nínú rílásà tí àwọn obìnrin fi ń na irun. Ẹni tó kọ́ ọ mọ ìṣẹ́jú tó yẹ kó fọ̀ ọ́ kúrò, ó sì mọ orí tí kò yẹ kó fi kàn rárá. Ẹni tí kò kọ́ ọ, á bó orí ọmọ ènìyàn bí ẹni bó iṣu."

Ó yọ orí rọ́bà náà jáde, ó gbé e ka orí tábìlì wọn, sórí àwọn fáìlì wọn. Ó ní irun ènìyàn gan-an ló wà lórí rẹ̀. Apá ọ̀tún, ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ ọdún kan ló ṣe é. Apá òsì, ọmọ tó wọlé ní ọ̀sẹ̀ yẹn ló ṣe é, pẹ̀lú ike rílásà kan náà, ní ọjọ́ kan náà. Obìnrin inú ìgbìmọ̀ náà na ọwọ́, ó fi kan apá òsì, díẹ̀ já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó wo ìka rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kejì kan ìdí irun tirẹ̀ láìmọ̀.

Alága ní ọ̀rọ̀ mìíràn ṣì kù, pé àwọn ọmọ onídìrí kì í san owó padà. Ìyàwó mi ní, "Ẹ dárúkọ ọmọ iléèwé mi kan tí kò san." Alága ṣí ìwé iwájú rẹ̀, ó tún un ṣí, ó ní àtòkọ wọn kò sí lọ́wọ́ òun níbí. Ìyàwó mi ní, "Ó dáa. Èmi á dúró kí wọ́n lọ mú un wá." Kò sẹ́ni tó lọ. Alága ti sọ ọ́ nítorí pé ó dá a lójú pé ẹnikẹ́ni kò ní í bi òun. Irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ máa ń gbé irọ́ wọn bí ẹni gbé agboòrùn, kí ó ṣáà wà lọ́wọ́. Mo mọ̀ wọ́n dáadáa. Díẹ̀ ló kù kí èmi náà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ìgbà yẹn ni ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó lẹ́bàá etí. Ohùn rẹ̀ yí padà. Kò bínú mọ́. Ohùn tó fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ ló wá ń lò.

"Alága, ó ti tó ọjọ́ mélòó tí etí yín ti ń yún yín?"

Ọwọ́ ọkùnrin náà ti dé etí rẹ̀ kó tó rántí ibi tó wà. Gbogbo wa rí i: lẹ́yìn etí rẹ̀ àti ní ẹnu irun rẹ̀, awọ ara ti pọ́n, ó ti ń ṣomi.

Ìyàwó mi ní, "Dáì irun ni. Ẹni tó kùn ún fún yín kò kọ́kọ́ dán an wò. À ń tọ́ ọ sẹ́yìn etí ní ọjọ́ méjì ṣáájú, bíńtín báyìí. Bí ibẹ̀ bá yún, a kì í kùn ún. Oṣù kẹta tí ọmọ bá dé ọ̀dọ̀ mi ni mo ń kọ́ ọ ní ìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún un kùn mọ́. Ìkejì máa ń le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ojú yín lè wú títí kò fi ní í ṣí. Ta ló kùn ún fún yín?"

Ọkùnrin náà wo tábìlì. Ó ní, "Ẹnì kan nílé ni."

"Ṣé ó kọ́ṣẹ́?"

Ọkùnrin tó ni iléèwé àwọn wẹ́ẹ̀dà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, gbogbo yàrá sì tẹ̀ lé e, títí kan àwọn mẹ́rin tó jókòó tì í. Mo mọ̀ pé ìyàwó mi kò sọ ọ́ láti dójú tì í. Ó rí awọ tó ń ṣe bí awọ ṣe ń ṣe, ó sì sọ ohun tó yẹ kí ẹni tó mọ̀ sọ. Èmi ni mo gbádùn ìtìjú rẹ̀. Ọkùnrin tó fi dáì bo ewú rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó tún jókòó ń sọ fún wa pé ẹni tó mọ dáì kò wúlò! Títí di òní, bí mo bá rántí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́bàá etí, ara mi a yá, n kò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Alága parí ìpàdé náà pẹ̀lú ìrunú. Ó ní kí iléèwé kọ̀ọ̀kan mú dọ́síẹ̀ wá láàárín ọjọ́ mẹ́wàá: ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ, oṣù tí wọ́n ń kọ́ ọ, àti ibi tí àwọn tó ti parí ti ń ṣiṣẹ́. Ó wo apá ọ̀dọ̀ wa, ó ní èyí tí dọ́síẹ̀ rẹ̀ kò bá dé, ó ti jáde nìyẹn. Ní àtẹ̀gùn, oníwẹ́ẹ̀dà náà sá tẹ̀ lé wa, ó ní, "Màámá, èmi tí mo ń fi iná jó irin lójoojúmọ́, n kò tíì jó ẹnikẹ́ni tó báyẹn rí."

A délé. Ó bu omi mu, ó ní ebi kò pa òun mọ́. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń tú gèlè rẹ̀. Mo ń dúró kí ó bínú sí mi. Ó kàn ní, "Tíṣà, ẹni tó bá tọrọ, ẹni tó fún un ló ni ín. Ẹni tó yá, tó sì san, ó lè wo ẹnikẹ́ni lójú. Kí ló dé tí ẹ fi sọ àwọn ọmọ mi di alágbe?"

Ó yẹ kí n ní kó má bínú. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, kò wúwo lẹ́nu. Ohun tí mo sọ ni pé bí wọ́n ṣe ń kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ nìyẹn, pé ó jẹ́ ọ̀nà láti rọ ọkàn àwọn tó ń gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọkàn wọn rọ̀ lóòótọ́." Ó ní orí ń fọ́ òun, pé òun fẹ́ sùn díẹ̀, kí n jí òun kí àkókò ìrun Mọ̀gàríbì tó wọlé. Nígbà tí mo lọ jí i, kò jí. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. N kò ní í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa wákàtí yẹn.

O mọ̀ pé nínú ẹ̀sìn wa, bí obìnrin bá kú, wọn a tú irun rẹ̀, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a sì dì í ní mẹ́ta, wọn a tẹ́ ẹ sẹ́yìn orí rẹ̀ kí wọ́n tó wé e. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá àgbà tó máa ń wẹ òkú àwọn obìnrin wa wọlé tọ̀ ọ́, kò sì pẹ́ tó fi jáde padà. Ó ní ìdirí náà wẹ́ jù, ìka òun kò lè tú u, ojú òun kò sì ríran tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọkùnrin ti péjọ síta, wọ́n ń wo oòrùn. Baba tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní, "Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé e, ẹ jẹ́ ká tètè sin ín. Kí ni irun fẹ́ ṣe nínú sàréè?"

Àwọn akọ́ṣẹ́ rẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti ìdájí, wọ́n jókòó sára ògiri. Ọmọ àgbà inú wọn dìde. Ọmọ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n Yorùbá rẹ̀ máa ń tiro. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Èyí kì í ṣe ẹ̀yà ọkọ̀." Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó pe àwọn mẹ́ta mọ́ra, wọ́n tẹ̀ lé ìyá àgbà wọlé. Ìyá náà kò bi ẹnikẹ́ni ní ẹ̀sìn tó ń ṣe.

Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mo gbọ́ omi. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní Faransé, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lásán: "mú apá ọ̀dọ̀ rẹ," "rọra, ó lọ́ níbẹ̀," "gbé orí sókè díẹ̀." Kò sí ẹni tó ń sunkún nínú wọn nígbà yẹn, iṣẹ́ kò fún wọn láyè. Ìdirí tí ọ̀kan nínú wọn fi odindi ọjọ́ kan dì, ọwọ́ mẹ́jọ tú u tán kí àwọn tó wà níta tó ráyè kùn lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ìyá àgbà jáde, ó wá bá mi níbi tí mo jókòó sí. Ó ní, "Wọ́n ti dì í ní mẹ́ta. Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí o. N kò tíì rí irun òkú tó gún báyìí rí." Baba tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ gbọ́ ọ. Ó wo ilẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi, ó pẹ́ kó tó yé mi, kò sì sí ẹni tí mo lè sọ fún pé ó ti yé mi. Alága yẹn fi ẹ̀gàn wo iṣẹ́ ìyàwó mi, gbogbo ènìyàn sì rí i pé ẹ̀gàn ni. Ẹ̀gàn tèmi burú jù ú lọ nítorí pé mo pè é ní àánú, mo kọ ọ́ ní Faransé tó dára, mo sì kà á sókè níṣojú ìyàwó mi. Ọkùnrin kan lè gbé pẹ̀lú oníṣẹ́ ọwọ́ fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, kí ó jẹ nínú iṣẹ́ náà, kí ó sì máa rò pé òun ló ń gbé e ró.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, ọmọ àgbà náà wá bá mi. Ó ní, "Bàbá, dọ́síẹ̀ ń kọ́? Ó ku ọjọ́ méjì." Mo tẹ̀ lé e lọ sí Nkololoun. Mo jókòó sórí àga oníbàárà, níwájú dígí, wọ́n yí mi ká, wọ́n ń kọ́ mi. Oṣù kìíní: fífọ irun àti ìmọ́tótó. Oṣù kejì: mímọ irú orí. Oṣù kẹta: dídán dáì wò. Mo béèrè ìdí nǹkan kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì sọ ọ́ fún mi, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ní, "Bàbá, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má fi òdòdó sí i." Wọ́n ti gbọ́ nípa lẹ́tà mi lẹ́nu àwọn tó wà níbi ìpàdé! Ẹ̀rín pa gbogbo wa, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ àgbà náà ló fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí olórí iléèwé.

Nígbà tí àtòkọ tuntun jáde lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, iṣẹ́ irun àti ẹwà wà lórí rẹ̀, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn àwọn tó ń tún fóònù ṣe. Bóyá dọ́síẹ̀ ló ṣe é, bóyá obìnrin inú ìgbìmọ̀ yẹn ni, n kò mọ̀. Iléèwé náà ṣì ń lọ dòní. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo gbé dọ́síẹ̀ náà lọ ni mo fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀ yìí.

Èmi nìkan ni mo lọ. Mo ti fi í lélẹ̀ fún akọ̀wé tó jókòó níwájú nígbà tí alága jáde láti yàrá inú, ó sì dá mi mọ̀. Wọ́n ti sọ fún un. Ó di ọwọ́ mi mú pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó fi ohùn tí wọ́n fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ kú ìrọ́jú, Mùsíyọ̀. Ẹ má wulẹ̀ dúró. Nítorí olóògbé, a ó ṣàánú àwọn ọmọ náà."

Ó ń dúró kí n dúpẹ́. Mo gba ọwọ́ mi padà. Mo ní, "Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣàánú wọn. Ẹ ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí kò bá tó, ẹ kọ̀ ọ́, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kí a lè dá yín lóhùn."

Ẹnu yà á. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n da owó rẹ̀ padà fún lójú ọjà, ó sì wọlé padà. Akọ̀wé náà ní kí n máa lọ, pé àwọn á pè mí. Mo ní rárá, mo fẹ́ òǹtẹ̀ lára ẹ̀dà tèmi. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì láàárín àwọn oníwẹ́ẹ̀dà títí wọ́n fi lù ú. Mo ka ọjọ́ tó wà lára rẹ̀, mo rí i pé wọ́n fi ọjọ́ àná sí i, mo dá a padà, wọ́n tún un lù, mo tún un kà. Lẹ́yìn náà mo jáde, mo pe ọ̀kadà kan, mo sì sọ fún un pé Nkololoun ni mò ń lọ.